Ìperí fún Ẹyẹ Wíwò: Ẹ̀kọ́ láti Ọjọ́ Ìkẹyìn Ìsinmi ní Cairns, Ọsirélíà

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí gẹ́gẹ́ bí ó ti kan bàbá ọmọ tuntun. Ẹni tí yóò sọ ohun kan lórúkọ nínú èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ilé tí ohun náà ti wá, kí ó mọ ẹbí rẹ̀, kí ó sì mọ ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ohun náà gan-an ni òǹtumọ̀ ń wò. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un ni ó ń wò. Bí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bá ti ṣìnà, orúkọ Yorùbá yóò ṣìnà tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò sì kọ́ àṣìṣe náà sórí gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀.

Àṣìṣe yìí hàn kedere nínú orúkọ àwọn ẹyẹ Ọsirélíà. Àpilẹ̀kọ yìí yóò gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò nípa títẹ̀ lé iṣẹ́ ẹni tí ń wo ẹyẹ ní ọjọ́ ìkẹyìn ìsinmi rẹ̀ ní ìlú Cairns, ní ìpínlẹ̀ Queensland, ní ìparí oṣù kẹta ọdún. Ìdí méjì ni a fi yan ọjọ́ ìkẹyìn. Èkíní ni pé ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra ní ọ̀sán kò ní ọ̀la tí yóò fi padà wá wo ohun tí kò dá a lójú. Ohun tí ó bá rí, tí ó sì kọ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni yóò gbé relé. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tí ó wà ní etíkun Cairns ní àkókò náà ń múra àtilọ bákan náà. Orúkọ tí kò bá ṣeé lò ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó dára tó lórí ìwé, kò tíì di ìperí.

2. Orúkọ iṣẹ́ náà àti orúkọ ẹni tí ń ṣe é

Ẹyẹ wíwò kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Ọdẹ ń dẹ ẹyẹ. Ọmọdé ń ṣọ́ ẹyẹ ní oko ìrẹsì àti oko àgbàdo. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ẹyẹ tí a dẹ ń parí sí, ẹni tí ó sì ń ṣọ́ ẹyẹ, oko ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe ẹyẹ náà. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tí ń ṣe é ń wo ẹyẹ kí ó lè mọ̀ ọ́n, kí ó lè kà á, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò fẹ́ pa á, kò sì fẹ́ lé e. Ọ̀rọ̀-ìṣe "wò" nìkan ni ó bá iṣẹ́ yìí mu.

Yorùbá ti ní awòràwọ̀, láti ara "wo ìràwọ̀". Ó lè dà bí ẹni pé "awòyẹ" ni yóò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òfin ìpajẹ kò gbè é. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì "ì", "ì" náà ni ó sábà máa ń lọ: wo ìràwọ̀, wòràwọ̀, wo ìran, wòran. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ", fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sábà máa ń lọ: pa ẹyẹ, pẹyẹ, bojú wo ẹ̀yìn, bojú wẹ̀yìn. Nítorí náà, wo ẹyẹ yóò di wẹyẹ. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀. "Awòyẹ" àti "awòye" kò fi ohun kan yàtọ̀ lójú ìwé ju àmì abẹ́ lẹ́tà kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a tẹ̀ láìfi àmì sí i ṣì pọ̀ lọ́jà.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ènìyàn lè dábàá ní ìdíwọ́ tiwọn. Bí a kò bá pa fáwẹ̀lì jẹ, tí a kọ ọ́ ní "awo ẹyẹ", ẹni tí ó kà á yóò rò pé ẹgbẹ́ awo kan ni. "Ẹlẹ́yẹ" kò ṣeé sún mọ́ rárá, nítorí gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ àwọn tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí a fi orúkọ náà kí òun káàbọ̀ láti ìsinmi. Ohun tí ó kù ni ìwẹyẹ fún iṣẹ́ náà, àti òǹwẹyẹ fún ẹni tí ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí a ti ní òǹkàwé àti òǹwòran. Ẹnìkan lè ní "wẹyẹ" lè túmọ̀ sí kí a wẹ ẹyẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ "bojú wẹ̀yìn" kì í rò pé wọ́n ní kí òun wẹ ẹ̀yìn òun. Ìlò ọ̀rọ̀ a máa fi ìtumọ̀ hàn.

Ní ti irinṣẹ́, awò olójú méjì ni òǹwẹyẹ ń lò. Awò ni orúkọ tí Yorùbá ti ń pe ohun tí a fi ń ran ojú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ méjì ni ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára awò olójú kan tí a fi ń wo ojú ọ̀run.

3. Etíkun Cairns ní òwúrọ̀

Ilẹ̀ àwọn Yidinji ni ìlú Cairns wà, Gimuy sì ni wọ́n ń pe ibẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dá ìlú sílẹ̀ ní 1876. Ọ̀nà ìrìn-ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Esplanade tẹ̀ lé etí òkun. Ẹrẹ̀ ni ó tẹ́ síwájú ibi púpọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe iyanrìn. Nígbà tí òkun bá fà, àwọn ẹyẹ a tú ká sórí ẹrẹ̀ náà jìnnà réré, wọn a máa wá aràn àti alákàn jẹ. Nígbà tí òkun bá ń kún bọ̀, omi a máa lé wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi sún mọ́ ọ̀nà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí òǹwẹyẹ ń wò ní Cairns kì í ṣe ẹyẹ. Ìwé tí ń sọ wákàtí tí òkun yóò kún ni.

Ìlà oòrùn ni etíkun náà kọjú sí. Ní òwúrọ̀, oòrùn a yọ láti ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ, a sì máa ràn sí ojú ẹni tí ń wò wọ́n. Àwọ̀ kò ní hàn. Gbogbo ẹyẹ a dà bí òjìji. Ẹni tí ó ní àkókò lè dúró di ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ ní ọ̀sán kò lè dúró. Ohun tí ó kù tí yóò fi dá ẹyẹ mọ̀ ni gíga ẹsẹ̀, gígùn ọrùn, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìrísí àgógó.

Ibi yìí ni a ti rí ìlànà àkọ́kọ́ fún orúkọ àwọn ẹyẹ etíkun: ohun tí ojú lè rí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dára ni kí a fi sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn kan wà nínú wọn tí àgógó wọn gùn, tí ó sì tẹ̀ sísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ oṣù tuntun sọ wọ́n ní Numenius, nítorí ìtẹ̀ àgógó náà. Yorùbá ní ohun èlò oko tí ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: dòjé. Bí a bá pè wọ́n ní ẹyẹ dòjé, ọmọdé tí ó ti rí dòjé rí yóò dá wọn mọ̀ bí oòrùn tilẹ̀ wà lójú rẹ̀. Méjì nínú wọn ń wá sí Cairns ní iye tí ó ṣeé kíyèsí. Ẹyẹ dòjé ńlá, Numenius madagascariensis, ni àgógó rẹ̀ gùn jù lọ nínú gbogbo ẹyẹ etíkun irú rẹ̀. Ti abo lè sún mọ́ 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹyẹ dòjé kékeré, Numenius phaeopus, kéré sí i, àgógó rẹ̀ sì kúrú sí i.

Àwọn mìíràn wà láàrin wọn tí àgógó tiwọn gùn tín-ín-rín, tí ó sì rọra yí sókè ní ṣóńṣó. Ẹyẹ abẹ́rẹ́ ni ó yẹ irú èyí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Limosa lapponica. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta, òǹwẹyẹ yóò rí i pé àyà àwọn akọ kan ti pọ́n bí ẹni pé a fi osùn kùn ún. Àmì ìrìn-àjò ni èyí. Ẹyẹ náà ti ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti sanra, kò sì ní pẹ́ gbéra lọ sí apá àríwá ayé láti lọ yé ẹyin. Nígbà tí àkókò bá tó fún un láti fò, iwe àti ìfun rẹ̀ a súnkì kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọmọ ẹyẹ abẹ́rẹ́ kan tí a so ẹ̀rọ mọ́ lára fò láti Alaska dé Tasmania láìbà sílẹ̀ rárá: 13,560 kìlómítà, ní ọjọ́ 11.

Yorùbá mọ irú ẹyẹ tí ń lọ tí ó sì ń padà bọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékeléke ń pọ̀ nílẹ̀ wa, ìgbà òjò a sì dín wọn kù. Nítorí náà, ẹyẹ alọ-bọ̀ ni a dábàá fún gbogbo ẹyẹ tí ń ṣí láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ní àkókò kan pàtó lọ́dọọdún, tí ó sì ń padà. "Aṣíkiri" kò bá a mu. Ẹni tí ń ṣí kiri kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ẹyẹ abẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹyẹ dòjé kékeré ni ó so Cairns pọ̀ mọ́ Èkó. Ẹ̀yà kan náà ni ó ń wá sí etí òkun àti etí ọ̀sà wa lápá gúúsù Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí èyí tiwa ti ń yé ẹyin yàtọ̀ sí ti èyí tí ń lọ sí Ọsirélíà. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ "ẹyẹ dòjé" sínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Àwórì, kí ó fi àwòrán ẹyẹ náà hàn wọ́n, kí ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ní orúkọ fún un, "ẹyẹ dòjé" gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún orúkọ náà. Ìperí tí a ṣẹ̀dá nínú yàrá ìkàwé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé orúkọ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ omi jáde.

4. Orúkọ tí ń ṣini lọ́nà

Nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Sydney ní 1788, ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ojú wọn kò rí rí. Wọ́n ṣe ohun tí ẹni tí ilé ń wù ń ṣe: wọ́n fi orúkọ ẹyẹ ìlú wọn pe ẹyẹ àjèjì tí ó bá jọ ọ́. Ẹyẹ dúdú òun funfun kan wà ní Ọsirélíà tí wọ́n sọ ní magpie. Magpie tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Pica pica, jẹ́ ọmọ ẹbí kannakánná. Ti Ọsirélíà, Gymnorhina tibicen, kì í ṣe ọmọ ẹbí náà rárá; àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi jọra. Òǹtumọ̀ tí ó bá fi ìbátan kannakánná pe magpie yóò tọ̀nà nínú ìwé tí a kọ nípa London, yóò sì ṣìnà nínú ìwé tí a kọ nípa Sydney, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó wà níwájú rẹ̀ nínú méjèèjì.

Èyí tí ó tún burú jù ni ti ẹyẹ kékeré kan tí ń rìn lórí koríko káàkiri Cairns, Grallina cyanoleuca. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ láti fi pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, magpie-lark, orúkọ ẹyẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ wọn. Kò bá ìkankan nínú méjèèjì tan. Bí a bá túmọ̀ orúkọ náà ní ẹyọ-ẹyọ, irọ́ méjì ni a ó kọ́ ọmọ ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Cairns kan náà, ẹyẹ kan wà tí ń dúró láìmira nínú ọgbà ní ọ̀sán, tí ó sì ń ké bí ẹni tí ń dárò ní òru. Burhinus grallarius ni. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pè é ní ẹ̀yà ẹyẹ dòjé, ṣùgbọ́n àgógó rẹ̀ kúrú, ó nípọn, ó sì tọ́ ṣánṣán. Bí òǹwẹyẹ bá gbójú lé orúkọ nìkan, ẹyẹ dòjé méjì ni yóò kọ sílẹ̀ níbi tí ọ̀kan wà.

Látìnì pàápàá kò bọ́ nínú àṣìṣe. Orúkọ ẹyẹ dòjé ńlá lédè Látìnì ń sọ pé ọmọ Madagascar ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Àǹfààní Látìnì ni pé gbogbo ayé ti gbà láti fi orúkọ kan pe ẹ̀yà kan, kì í ṣe pé orúkọ náà ń sọ òtítọ́ ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, kí a kọ orúkọ Látìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yorùbá kí ẹyẹ má baà sọnù, ṣùgbọ́n kí a má ṣe máa túmọ̀ rẹ̀.

5. Ìlànà tí a dábàá

Ìlànà kìíní ni kí a wo ilé. Bí ẹyẹ náà tàbí ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn bá wà nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí ó ti ní ni kí ó máa jẹ́. Àwòdì tí ń rà bàbà lókè oko ìrèké ní àyíká Cairns, Milvus migrans, jẹ́ ẹ̀yà àwòdì tiwa. Ìṣe rẹ̀ náà kò yàtọ̀: bí iná bá ń jó igbó, àwòdì a dé ibẹ̀ láti gbé ẹ̀dá tí ń sá fún iná. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2017 ṣàkójọ ẹ̀rí àwọn onílẹ̀ àti àwọn panápaná ní àríwá Ọsirélíà pé àwòdì a tilẹ̀ máa gbé igi tí iná wà lára rẹ̀ lọ sí ibi tí kò tíì jó. Ẹyẹ ńlá alápò lábẹ́ àgógó, Pelecanus conspicillatus, yóò máa jẹ́ òfú, orúkọ tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti fi pe irú rẹ̀. Ẹyẹ funfun kan tún wà tí ń jẹ èso igi, tí etí ìyẹ́ apá rẹ̀ dúdú, Ducula spilorrhoa. Nínú ẹbí ẹyẹlé ni ó wà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a pè é ní ẹyẹlé, nítorí kì í gbé ilé ẹnikẹ́ni. Òrófó ni Yorùbá ń pe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ tí ń jẹ èso nínú igbó. Òrófó funfun ni yóò máa jẹ́.

Ní ti àwọn ọlọ́wọ̀ọ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi tí ń pariwo lórí igi Esplanade ní ìrọ̀lẹ́, Trichoglossus moluccanus, inú ẹbí odídẹrẹ́ ni wọ́n wà. Kí a lo odídẹrẹ́ fún gbogbo ẹbí náà, kí a sì pe èyí ní odídẹrẹ́ òṣùmàrè. Orúkọ yìí bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí ojú ẹni tí ó wo ẹyẹ náà yóò jẹ́rìí sí i. Ayékòótọ́ ni a kò gbọdọ̀ lò, torí ọ̀rọ̀ sísọ ni a fi ń pe odídẹrẹ́ wa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọ̀.

Wíwo ilé tún kan mímọ ẹni tí kò sí nílé. Kò sí igún ní Ọsirélíà, kò sì sí àkókó. Òǹtumọ̀ tí ó kà nípa ẹyẹ tí ń jẹ òkú ẹran lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, tí ó sì kọ igún, ti gbé ẹyẹ tí kò dé ibẹ̀ dé ibẹ̀. Idì, àwòdì tàbí ìbátan kannakánná ni ó yẹ kí ó wádìí.

Ìlànà kejì ni kí a bi onílẹ̀. Bí ẹyẹ náà kò bá ní ìbátan tímọ́tímọ́ lọ́dọ̀ wa, kí a yá orúkọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè é, kí a sì fi ìró Yorùbá kọ ọ́. Ẹyẹ kan wà tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹ̀rín ènìyàn púpọ̀, Dacelo novaeguineae. Àwọn onímọ̀ fi sínú ẹbí ẹyẹ apẹja, ṣùgbọ́n aláǹgbá, ejò àti kòkòrò ni ó sábà ń jẹ. Bí a bá pè é ní apẹja, a ti fún un ní iṣẹ́ tí kì í ṣe. Àwọn Wiradjuri ní ìpínlẹ̀ New South Wales ń pè é ní guuguubarra, inú èdè wọn ni Gẹ̀ẹ́sì sì ti yá orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Yorùbá lè lọ sí orísun náà tààrà, kí ó máa pè é ní kúkúbárà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ẹ̀lúlùú tiwa rí mọ̀ pé ohùn ẹyẹ lè di orúkọ ẹyẹ. Bákan náà ni àwọn Wiradjuri ṣe.

Ìlànà kẹta ni kí a ṣẹ̀dá orúkọ gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe é: láti ara ìró, ìṣe, ìrísí tàbí ibùgbé. Ìró ni ó bí ẹ̀lúlùú. Ìṣe ni ó bí ayékòótọ́. Ìrísí ni a fi ń pe adìẹ òpìpì. Ibùgbé ni ó bí ẹyẹlé. Ẹyẹ dúdú òun funfun ti orí koríko nì, tí Gẹ̀ẹ́sì pa irọ́ méjì mọ́, ń ké ní ohùn méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn, àwọn ọmọ Ọsirélíà pàápàá sì ń fi ìró náà pè é nílé. Pííwíì ni kí Yorùbá náà máa pè é. Ẹyẹ mìíràn, Megapodius reinwardt, ń fi ẹsẹ̀ kó ewé àti iyẹ̀pẹ̀ jọ di òkìtì ńlá nínú ọgbà àti igbó Cairns. Inú òkìtì náà ni ó ń yé ẹyin sí. Ooru ewé tí ń jẹrà ni ó ń pa ẹyin náà, kì í sàba. Nígbà tí ọmọ bá jáde, kò nílò ìyá mọ́. Nítorí pé ìbátan adìẹ ni, adìẹ akókìtì bá a mu.

6. Àkọsílẹ̀ orí pápá

Bí orúkọ kò bá tíì sí, àpèjúwe ni yóò dúró fún un. Àgbẹ̀ àti aládìẹ ti fún Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ara ẹyẹ: àgógó, ogbe, àtàrí, àyà, ìyẹ́ apá, ìrù, èékánná. Ní ti àwọ̀, dúdú, pupa àti funfun nìkan kò tó, ṣùgbọ́n èdè kò dúró síbẹ̀. A mọ agbe mọ́ aró, a mọ àlùkò mọ́ osùn, a sì mọ lékeléke mọ́ ẹfun. Òǹwẹyẹ lè kọ ọ́ pé orí odídẹrẹ́ òṣùmàrè jẹ́ àwọ̀ aró, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, àgógó rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyìn tí ó gbó. Irú àkọsílẹ̀ tí ó yẹ ní ọjọ́ ìkẹyìn nìyí:

"Cairns, etíkun, ago méje àárọ̀. Òkun ń kún, oòrùn wà lójú. Ẹyẹ mẹ́ta lórí ẹrẹ̀. Wọ́n ga ju àparò lọ, wọn kò nípọn tó àgbébọ̀ adìẹ. Àgógó gùn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì orí, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ bí dòjé. Ìlà dúdú méjì ní àtàrí, ìlà títàn kan láàrin wọn. Ọ̀kan fò, ó ké ní bí ìgbà méje léraléra láìyí ohùn padà."

Kò sí orúkọ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó mọ ẹyẹ yóò kà á ní Ìbàdàn, yóò sì dáhùn pé ẹyẹ dòjé kékeré ni. Ìlà àtàrí àti iye igbe rẹ̀ ti tú u fó. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí òǹwẹyẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni ó kọ sílẹ̀ ní ẹyọ kan, kò sí ohun tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Àwọn ìperí tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá ni ìwọ̀nyí:

Numenius madagascariensis: ẹyẹ dòjé ńlá
Numenius phaeopus: ẹyẹ dòjé kékeré, títí a ó fi gbọ́ ti àwọn apẹja
Limosa lapponica: ẹyẹ abẹ́rẹ́
Milvus migrans: àwòdì
Pelecanus conspicillatus: òfú
Ducula spilorrhoa: òrófó funfun
Trichoglossus moluccanus: odídẹrẹ́ òṣùmàrè
Dacelo novaeguineae: kúkúbárà
Grallina cyanoleuca: pííwíì
Megapodius reinwardt: adìẹ akókìtì

7. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè béèrè ohun tí Yorùbá fẹ́ fi orúkọ ẹyẹ Ọsirélíà ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ní 2015, ìjọba Ọsirélíà kọ ẹyẹ dòjé ńlá mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun tí ó le jù lọ. Kì í ṣe Ọsirélíà nìkan ni ewu náà ti wá. Láàrin ọ̀nà, ní etí Òkun Yẹ́lò láàrin Ṣáínà àti Kòríà, ẹrẹ̀ tí àwọn ẹyẹ alọ-bọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ jẹun ni a ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ dí láti sọ ọ́ di ilẹ̀ gbígbẹ. Ní Saemangeum ní Gúúsù Kòríà, ògiri tí a fi dí òkun tí ó gùn tó 33 kìlómítà parí ní 2006. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń da iyanrìn dí ọ̀sà Èkó kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí òun, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ dòjé kékeré tí ń jẹun ní etí ọ̀sà náà kò yàtọ̀ sí èyí tí ń jẹun ní Cairns.

Ohun tí kò ní orúkọ kò ṣeé kà, ohun tí a kò kà kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti dín kù. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí olùkọ́, òǹtumọ̀ àti onímọ̀ èdè fi sùúrù sí orúkọ ẹyẹ. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde lọ wo ẹyẹ kan kí ó tó fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n nínú ìwé. Kí òǹtumọ̀ wá orúkọ Látìnì ẹyẹ náà rí, kí ó sì mọ ẹbí rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Kí onímọ̀ èdè sì gbé àwòrán lọ bá ọdẹ, àgbẹ̀ àti apẹja nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti dáhùn, nítorí ọjọ́ ìkẹyìn kì í ṣe ti ẹni tí ó lọ sí ìsinmi àti ti ẹyẹ nìkan.